Ìwé Aṣọ́bodè àti Dùndú Ìyá Azeemah

Òróró ti gbóná, iṣu ti wà nínú omi iyọ̀, àwọn oníbàárà sì ti dúró síwájú ilé, kí Mọ́ríátù tó rí i pé bébà tán. Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò tó máa ń kó ìwé àtijọ́ sí, eruku ló bá níbẹ̀.

"Azeemah! Ìwọ Azeemah! Bébà dà?"

Azeemah kò sí nílé. Ó ti jí lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lọ ra adìẹ tí wọn yóò fi ṣe àlejò. Àlejò ń bọ̀ láti Ìfọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré. Ìlobù sí Ìfọ́n kò jìnnà rárá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjà ilẹ̀ ti bẹ́ sílẹ̀, tí iná jó ilé níhìn-ín, tó jó ilé lọ́hùn-ún, tí ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé, ọ̀nà kékeré náà ti gùn ju ọ̀nà Mẹ́kà lọ. Wọ́n ti gbé òfin kúrò, ẹ̀rù ni kò tíì bá a lọ.

Ọmọ Ìfọ́n ni Mọ́ríátù fúnra rẹ̀. Ìlobù ló ti bímọ, ibẹ̀ náà ló ti ń hu ewú. Kí ìjà tó dé, kò sẹ́ni tó rántí ibi tí wọ́n ti gbé e wá sílé ọkọ. Ìjà dé tán, gbogbo ayé rántí. Bó bá lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìfọ́n, wọ́n á ní ìyàwó Ìlobù ti dé. Bó bá padà sílé ọkọ, àwọn obìnrin nídìí ẹ̀rọ omi á pa ọ̀rọ̀ dà. Ẹni tó dá irú ìjà yìí sílẹ̀ kò ṣeun. Ilẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ ń para wọn ṣì wà níbi tí Ọlọ́run gbé e sí, kò tíì sí ẹni tó rí i gbé lọ sílé.

Èyí tó dun Mọ́ríátù jù ni ti Mùíbátù, opó tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Òun ni oníbàárà àkọ́kọ́ láràárọ̀, kò sì sí ọjọ́ tí kì í bú ata. "Mọ́ríátù, ata yìí ò tó. Ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣahun ata ní Ìfọ́n?" Mọ́ríátù á ní kí ó mú ata tirẹ̀ wá láti ilé, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí iná jó ìsọ̀ tí Mùíbátù fi ń tọ́jú ara rẹ̀ ni ẹ̀rín náà dópin. Ó ṣì ń wá, nítorí dùndú kò ṣẹ̀ ẹ́. Á fi owó sórí bẹ́ǹṣì, á gba dùndú, á sì yíjú padà láìkí ẹnikẹ́ni.

Lónìí náà, òun ló kọ́kọ́ dúró níbẹ̀, ó ń wo ibòmíràn.

Mọ́ríátù wo ìgànná kúkurú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ibẹ̀ ni Azeemah sá àwọn ìwé rẹ̀ sí, nítorí òjò ti jẹ́ kí yàrá máa rùn. Ó rí ọ̀kan tó nípọn, tí wọ́n fi kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí bò, kàlẹ́ńdà ọdún tó ti lọ. Kò sí ọmọ ilé-ìwé nílẹ̀ yìí tí kò mọ̀ pé ìwé tó bá níyì lójú ẹni ni a ń fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò, kí ìdọ̀tí má baà kàn án. Mọ́ríátù ló kúkú kọ́ Azeemah bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n òróró ti ń rú èéfín, ọlọ́kadà ń fọn fèrè, ìyàwó tísà ń ṣàròyé pé òun ti pẹ́. Ojú tó yẹ kó rí ìwé, kàlẹ́ńdà ló rí. Ọdún tó ti lọ, kí ni ènìyàn tún fẹ́ wò nínú rẹ̀? Ó ṣí i láti ẹ̀yìn, ó ya ewé kan, ó fi wé dùndú Mùíbátù.

Bébà náà ki, ó ń dán, òróró kò tètè là á já.

"Ìyá Azeemah, ẹ ti dolówó o!" ni ọlọ́kadà wí nígbà tó gba tirẹ̀. "Ẹ wo bébà aláwọ̀ mèremère!"

Inú Mọ́ríátù dùn, ó tún ya òmíràn.

Jàlálù ọkọ rẹ̀ rí i. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kí ìrun wàlàhá, ojú fèrèsé sì wà ní gbangba níwájú rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, kò lè na ọwọ́. Ó ṣáà gbé ohùn sókè níbi tí kò ti yẹ kí ó gbé e: "Alláhù Akbar!" Mọ́ríátù gbọ́, ó rò pé ìtara ẹ̀sìn ló dé. Nígbà tí Jàlálù fi máa sálámà, ìdajì ìwé ti lọ. Ọkùnrin náà kì í fẹ́ wàhálà. Ó wo ìgànná, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó fa tẹ̀sùbáà yọ, ó bẹ̀rẹ̀ wírìdì tó gùn.

Oòrùn ti ń mú nígbà tí Azeemah dé pẹ̀lú adìẹ lábẹ́ abíyá. Ó rí ìwé tó ti di pẹlẹbẹ lórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Adìẹ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, kò sì sẹ́ni tó lé e.

"Màámi, kí lẹ ṣe?"

"Kí ni mo ṣe? Dùndú ni mo tà."

"Ìwé Divine nìyẹn! *Aṣọ́bodè* ti Divine!"

Mọ́ríátù gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó mọ Divine, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Tísà kékeré tó ń wá láti Ìfọ́n ní ọjọ́ ìsinmi, òun àti Dúró ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn àti Azeemah àti Uwais onígbàjámọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí pálọ̀ Mọ́ríátù, tí wọ́n á máa pariwo lórí ìwé àwòrán àwọn alágbára bí ẹni tó ń pín ogún. Kì í ṣe ìwé pẹlẹbẹ tó ń jáde lóṣooṣù ni tiwọn. Àkójọ ni wọ́n ń fẹ́, èyí tí wọ́n ti di ìtàn kan pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń yan èyí tó dùn jù, tí wọ́n sì ń pè é ní ọba ọdún náà. Òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá ka ìwé tán kò gbọdọ̀ dá sí i. Nítorí náà ni wọ́n fi ń yá ara wọn níwèé. Divine gbé *Aṣọ́bodè* fún Azeemah, Azeemah gbé *Abìyẹ́-Páànù* fún Divine. Ìjà bẹ́ kí wọ́n tó dá a padà. Òní ni wọn yóò tún fojú kan ara wọn, tí wọn yóò sì yan ọba.

"Kàlẹ́ńdà ni mo rí," ni Mọ́ríátù wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Àbí ta ló ní kí o fi kàlẹ́ńdà bò ó?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi!"

"Bàbá rẹ wà níbí. Bàbá Azeemah, ẹ wà níbí, ẹ rí mi!"

"Mo wà lórí ìrun," ni Jàlálù wí.

"Gbogbo àárọ̀ lẹ fi wà lórí ìrun?"

"Mo ké Alláhù Akbar tó bí mo ṣe lè ké e tó. Ṣé kí n já ìrun nítorí dùndú ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n ráyè, Bàbá Azeemah. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ráyè."

Azeemah ti jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, òun tó ti tó lọ sílé ọkọ. "Wọ́n á ní ará Ìlobù náà ni. Ilé wọn jó, wọ́n tún wá bá ìwé wọn nínú òróró. Dúró ò tiẹ̀ fẹ́ kó wá tẹ́lẹ̀. Màámi, Divine ò ní wá síbí mọ́ láéláé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mọ́ríátù lára ju bí ọmọ rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ. Ó ti ń ka oṣù de ọjọ́ òní. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn ará Ìfọ́n nínú pálọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ kí ará Ìlobù gbọ́ ọ pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má sì kú. Bí ọmọ yẹn bá fi ìbínú jáde, ta ni yóò tún sọdá?

Nídìí ẹ̀rọ omi, ìròyìn ti dé.

"Ìwé ọmọ Ìfọ́n ni wọ́n fi wé dùndú?" ni ọ̀kan wí. "Ìyẹn náà dáa."

"Dákẹ́," ni èkejì wí. "Ṣé ìwé ló jó ìsọ̀ ni?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mọ́ríátù pa iná, ó mú ìborùn, ó ní kí Azeemah lọ pe Uwais. Ẹni tó bá ra dùndú lówùúrọ̀ yìí, wọ́n á dé ilé rẹ̀.

Kò rí bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n rò pé inú ààtàn ni wọ́n ti máa ṣa ìwé náà, ṣùgbọ́n fọganáísà ti lẹ tirẹ̀ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ tó fi ń fa afẹ́fẹ́ sí táyà. Aṣọ́bodè wà níbẹ̀, obìnrin agbowó-ibodè tó jẹ́ pé bó bá na àtẹ́lẹwọ́ sókè, ohunkóhun kò ní lè kọjá, ìbáà ṣe ọta ìbọn. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu rẹ̀. Fọganáísà kò fẹ́ yọ ọ́. "Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀," ló ń bẹ̀bẹ̀, "ó ń bá mi ṣọ́ ìsọ̀." Uwais ṣèlérí pé òun á gé irun rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó gbà. Ìyàwó tísà ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ní tirẹ̀, ó ti na ewé náà sórí aṣọ ìnujú kí òróró lè fà.

"Ìyá Azeemah, ẹ ò ṣeun. Ibi tí odò ti kún, tó ń bọ̀ wá kó ìlú lọ, ibẹ̀ lẹ wá já a mọ́ mi lẹ́nu. Kí ló padà ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, ìyàwó wa. Dùndú ni mò ń wò."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kó o jọ, títí ó fi ku ewé kan ṣoṣo, ewé ìparí. Azeemah ń wo ìyá rẹ̀. Mọ́ríátù mọ ẹni tó kọ́kọ́ ra dùndú.

"Ẹ dúró síbí," ló wí. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi ni mo máa lọ."

Ó sọdá títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ẹnu ọ̀nà Mùíbátù láti ìgbà tí wọ́n ti jọ gbọ́ igbe iná. Ó kúnlẹ̀ níta, ó kí i. Mùíbátù jókòó sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bébà tí mo fi wé dùndú yín láàárọ̀ ni mo wá tọrọ. Àṣìṣe ni. Ìwé ni."

Mùíbátù ju òkúta kan síta láti inú ẹ̀wà. "Ta ló ni ín?"

Bó bá sọ pé ọmọ òun ló ni ín, ọ̀rọ̀ bùṣe. Azeemah, ọmọ tí Mùíbátù pọ̀n sẹ́yìn. Irọ́ náà kúrú, ó sì rọrùn, ó ti dé ẹ̀yìn eyín Mọ́ríátù.

"Ọmọ Ìfọ́n kan ni," ló wí. "Divine. Ó ń bọ̀ lónìí."

Mùíbátù gbé atẹ ẹ̀wà, ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mọ́ríátù dìde, ó sọdá padà.

Adìẹ tí wọn ìbá sè kò tíì padà. Mọ́ríátù tún iná dá, ó bẹ iṣu mìíràn, ó gún ata tuntun. Ìyẹn náà ló ń ṣe lọ́wọ́ tí ọ̀kadà fi já àwọn àlejò sílẹ̀.

Divine ti rù díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lójú títì, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń wò ó. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà ńlé, ọmọ mi. Dìde, dìde. Divine àti Dúró, ẹ káàbọ̀ o."

Dúró dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń rìn káàkiri ojú pópó. Wọ́n wọlé. Azeemah ti fi aṣọ bo ohun tó kù lára *Aṣọ́bodè* lórí tábìlì, Uwais sì ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń bi Dúró léèrè ohun tí Dúró ti dáhùn. Kí ẹnikẹ́ni tó lè lanu sọ òótọ́, Divine ti ki ọwọ́ sínú báàgì. Ó fa nǹkan kan yọ, ọ̀rá lórí ọ̀rá. Ó ń tú u, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Azeemah, gbàwé ẹ. Mi ò jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é."

*Abìyẹ́-Páànù* ni, ó ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, etí ìwé kan kò ká.

"Ẹ bi í bó ṣe mú un yọ nínú iná," ni Dúró wí. "Alẹ́ tí iná dé àdúgbò wa, mo ní 'Divine, máa sáré,' ó ní ìwé Azeemah wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Sàtífíkéètì ẹ̀ jóná. Tirẹ̀ gan-an, gbogbo àwọn ìwé tó kó jọ, wọ́n jóná. Èyí tó yá ló gbé."

"Torí pé kì í ṣe tèmi ni mo ṣe gbé e," ni Divine wí.

Azeemah fi ọwọ́ bo ojú. Tẹ̀sùbáà Jàlálù dúró sójú kan. *Aṣọ́bodè* nìkan ló kù fún ọmọ náà nínú gbogbo ìwé rẹ̀ láyé, òun ló sì wà lábẹ́ aṣọ yìí.

Mọ́ríátù ti ibi iná wọlé, ó ṣí aṣọ náà, ó kúnlẹ̀. Obìnrin tó bí Azeemah kúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́ Azeemah.

"Divine, èmi ni mo bà á jẹ́. Mo fi wé dùndú. Kì í ṣe Azeemah, kì í ṣe ará Ìlobù. Èmi ni."

"Mọ́mì! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ dìde!" Divine ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fà á lápá, kò lè gbé e. Àwọn méjèèjì wà lórí eékún. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà na ọwọ́ sí ìwé, ó ń ṣí àwọn ewé tó ti mu òróró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ó gbé ìwé súnmọ́ imú.

"Ó ń ta sánsán," ló wí. Ẹ̀rín já mọ́ ẹkún náà. "Tótó ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà: omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Wàá rí òmíràn pa, ọmọ mi," ni Mọ́ríátù wí, ó sì bú sẹ́kún.

"Ewé ìparí dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ìyá kan. Ìsọ̀ tiwọn náà jó."

Divine mi orí, ó kó àwọn ewé náà jọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yan ọba wọn náà, nítorí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá kò gbọdọ̀ sọnù. Kò pẹ́ tí ariwo fi dé. Azeemah àti Divine ní *Aṣọ́bodè* ni. Uwais ní *Abìyẹ́-Páànù* ni, wẹ́dà tó fi páànù òrùlé rọ ìyẹ́ fún ara rẹ̀. Dúró gbè é lẹ́yìn, ó ti gbàgbé pé òun ń bínú.

"Ẹni tí wọ́n bí agbára mọ́, kí ló ṣe?" ni Uwais ń pariwo. "Abìyẹ́-Páànù fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe tiẹ̀ ni!"

"Wí fún wọn!" ni Dúró wí. "Àti pé ìwé tí ò ní ìparí kì í jọba."

"Méjì sí méjì," ni Jàlálù wí láti ìdí ògiri. Ó ti ń tẹ́tí látòní. "Ẹ ò rí ọba yàn."

"Àìfàgbà fẹ́nìkan ni ò jẹ́ kí ayé ó gún," ni Mọ́ríátù wí. Ilẹ̀kùn ṣí bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́.

Mùíbátù ni. Mùíbátù wo àwọn ọmọ náà yíká.

"Ta ni ọmọ Ìfọ́n nínú yín?"

Dúró ti dìde, ṣùgbọ́n Divine ti ṣáájú rẹ̀. "Èmi ni, mà."

Obìnrin náà fa ewé kan yọ láti abẹ́ ìborùn. Ó ti da pàúdà sí i kí òróró lè fà, ó sì ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi nà. Pàúdà ṣì funfun ní etí rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án sí ọmọ náà.

"Mo kà á," ló wí. "Mo tún un kà. Kò dáa."

"Kí ni ò dáa níbẹ̀, mà?"

"Omi ń bọ̀ láti ìhín, omi ń bọ̀ láti ọ̀hún, obìnrin yẹn nìkan ló na ọwọ́ sókè láàárín. Ọwọ́ ti ń gbọ̀n. Gbogbo ìlú dúró, wọ́n ń wò ó. Kò sẹ́nì kan tó bá a di apá mú. Ibẹ̀ ló parí sí! Ta ló kọ irú ìyẹn?"

"Apá kejì ń bọ̀, mà."

"Kí wọ́n yára."

Ojú rẹ̀ bọ́ sára Mọ́ríátù nígbà náà, eruku ṣì wà lára aṣọ rẹ̀ níbi eékún. Jàlálù fi ọgbọ́n wúkọ́.

"Ìyá," ló wí, "méjì sí méjì ni àwọn ọmọ yìí wà. Èwo lẹ yàn?"

"Ọ̀kan náà ni mo kà. Òun ni mo yàn."

"Ewé kan ṣoṣo lẹ kà, mà!" ni Uwais ké. "Òfin ni pé—"

"Uwais, jókòó," ni Dúró ará Ìfọ́n wí fún un. "Ìyá ti sọ̀rọ̀."

Báyìí ni *Aṣọ́bodè* ṣe jọba, pẹ̀lú òróró lára. Mùíbátù kò jáde. Ó wo àga, ó jókòó sí etí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde. Mọ́ríátù lọ sídìí agbada, ó bu dùndú, ó bu ata sí i. Ọwọ́ rẹ̀ wá bébà lọ, ó sì rántí. Ó gbé àwo kan wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n máa ń lò fún àlejò, ó kó o sí i, ó gbé e síwájú Mùíbátù lórí eékún.

Mùíbátù mú ẹyọ kan, ó fi kan ata, ó rún un lẹ́nu pẹ́. Gbogbo pálọ̀ ń wò ó.

"Mọ́ríátù," ló wí, "ata yìí ò tó."